Ara Tí Ìlérí Jogún

Nínú gbogbo èrò tó dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù Woolwich lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkùnrin kan ṣoṣo ló wọ ẹ̀wù ọlọ́rùn gíga. Oòrùn oṣù keje mú ganrínganrín. Àwọn ọmọge ti bọ́ sí síńgílẹ́ẹ̀tì, àwọn bàbá àgbà ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, àwọn tó ń ta èso ní Beresford Square sì ti fi páálí ṣe ibòòji. Ọkùnrin tí mò ń wí yìí fi aṣọ dúdú wé ara rẹ̀ láti ọrùn dé ọrùn-ọwọ́. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ káfíńtà dání, ó ga, ó sì gún régé débi pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ti rí i tipẹ́ kó tó dé ìdúró.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé ọkùnrin ni awakọ̀ náà. Tamílọ́rẹ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Thamesmead ni, bọ́ọ̀sì alájà méjì ló ń wà. Bàbá rẹ̀ náà wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìntì, kò sì sí ohun tó ń wú bàbá yẹn lórí tó kó rí ọmọ rẹ̀ nídìí ìdarí. Nígbà tí Tamílọ́rẹ rí ọlọ́rùn gíga yìí, ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé, "Wo bọ̀bọ́ yìí. Fashion ló máa pa á."

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ. Wọn ò tíì jìnnà tí ohun kan fi dún gbì lẹ́yìn, tí àpótí irinṣẹ́ sì yí lọ sábẹ́ ìjókòó. Obìnrin kan figbe ta: "Driver, stop o! Ẹnì kan ti dákú!"

Tamílọ́rẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó gbé ike omi rẹ̀, ó sáré lọ bá ọkùnrin náà. Ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò orí iná, síbẹ̀ kò sí òógùn kankan lójú rẹ̀. Bí ó ṣe nawọ́ láti ṣí ọrùn ẹ̀wù yẹn, ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Please," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. "Má ṣí i."

"Bro, o ti fẹ́ kú, o ṣì ń sọ please." Ó ṣí i.

Ìpẹ́ ló rí. Láti ìsàlẹ̀ ọrùn lọ sí àyà, awọ ara ọkùnrin náà gbẹ, ó pín wẹ́wẹ́, ó ní àwọ̀ ilẹ̀, ó sì tò léra bí ti ẹja. Àwọn méjì tó wà nítòsí fà sẹ́yìn. Tamílọ́rẹ ò fà sẹ́yìn ní tirẹ̀. Ó da omi tútù sí i lọ́rùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pa omi náà mọ́ ọn láyà, ó bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi fẹ́ ẹ. Nígbà tó rí i pé àwọn tó ń wòran ti pọ̀ jù, ó yíjú sí wọn.

"Ẹ fún un ní air," ni ó wí. "Ẹ má fún un ní ojú."

Ọkùnrin náà lajú. "Ta ni yín?"

"Èmi ni driver bọ́ọ̀sì tí o ti delay. Mu omi."

Ìléríolúwa lorúkọ rẹ̀, Ìlérí ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kò lè gbàgbé ọmọbìnrin tó fọwọ́ kan ara rẹ̀ láìṣe bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó lọ dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù kan náà, ó ń jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi rí ojú tó ń wá. Ó wọlé, ó sì gbé àpótí onígi kékeré kan síwájú gíláàsì rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kí lèyí? Bribe?"

"Fún food ẹ. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé inú nylon lo gbé jollof sí. Ó dùn mí."

"O ń dákú lọ́wọ́, o ń wo jollof mi?"

"Kò sí nǹkan tí mi ò wò lọ́jọ́ yẹn, Driver."

Tamílọ́rẹ rẹ́rìn-ín títí àwọn èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ ìsinmi wọn, wọ́n á jọ rìn yí adágún omi Thamesmead ká, wọ́n á máa bá àwọn pẹ́pẹ́yẹ jà lórí búrẹ́dì. Ìlérí á máa sọ̀rọ̀ nípa igi, irú èyí tó ń tẹ̀ àti irú èyí tó ń ya. Tamílọ́rẹ á máa sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń sáré lé bọ́ọ̀sì. Ó mọ̀ pé Ìlérí kì í ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, kò sì béèrè ìdí. Ó ń dúró dè é ni.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù, Ìlérí jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan létí omi, ó sì fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀. Ojúgun rẹ̀ dà bí ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ tí oòrùn pa.

"Eczema ni Mummy mi ń pè é," ni ó wí. "Láti kékeré. Wọ́n ní òtútù ìlú yìí ló fà á."

Tamílọ́rẹ gbé ọwọ́ lé e. "Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Ó máa ń yún mi. Ooru ló burú jù. Mi ò kì í làágùn dáadáa."

"Ìyẹn mo mọ̀. Mo ti wẹ̀ ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì."

Ìlérí rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí lọ́jọ́ náà débi pé ìfẹ́ ọ̀hún bà á lẹ́rù.

"Àmọ́ eczema kọ́ lèyí, babe," Tamílọ́rẹ tún wí. "Àbúrò mi ní eczema, kò rí báyìí. Obìnrin Íńdíà kan wà ní Plumstead tí mo máa ń wa bọ́ọ̀sì kọjá ní iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ayurveda ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Mo ti lo gbogbo cream tó wà láyé."

"Mi ò ní kí o lọ ra cream. Lọ béèrè ohun tó ń ṣe ẹ́."

Ayurveda yìí ni ìṣègùn àtayébáyé àwọn ará Íńdíà, Dókítà Sujatha sì ni orúkọ obìnrin náà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì lọ́hùn-ún kó tó wá sí Plumstead. Iyàrá rẹ̀ kéré, ó mọ́ tónítóní, ó ń rùn fún òróró gbígbóná. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá rò ó fún yín.

Ó kọ́kọ́ ya Ìlérí lẹ́nu pé kò wo awọ ara rẹ̀ rárá. Ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ló dì mú, ó ń gbọ́ bí iṣan ṣe ń lù. Ó wo ahọ́n rẹ̀. Ó béèrè bó ṣe ń sùn, ohun tó ń jẹ, ìgbà tí ara ń fà á jù. Lẹ́yìn náà ló tó yẹ ọrùn àti ojúgun rẹ̀ wò, ó sì yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síta. Àtẹ́lẹwọ́ dán ní tirẹ̀.

"Ìwé àwọn baba wa sọ pé afẹ́fẹ́ kan ń bẹ nínú ara gbogbo ènìyàn," ni obìnrin náà wí. "Bí ó bá pọ̀ jù, á máa gbẹ ara. Tìrẹ pọ̀."

Ìlérí rántí ohun tí Mummy rẹ̀ máa ń sọ nípa ọyẹ́ ilé, bí ó ṣe ń la ètè àti gìgísẹ̀. Ó béèrè bóyá ọyẹ́ ló wà nínú ara òun. Dókítà Sujatha ní kó ṣàlàyé ọyẹ́ fún òun. Nígbà tó ṣàlàyé tán, inú obìnrin náà dùn, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

"Ṣùgbọ́n ìwé kan náà pín àìsàn sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé," ni ó fi kún un. "Àwọn kan wá láti inú oúnjẹ, àwọn kan láti ojú ọjọ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ni èyí tó bá irúgbìn bàbá àti ìyá wá. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ran ẹlòmíràn. Ta ló ní i ṣáájú rẹ?"

"Kò sẹ́ni kankan."

"Irú ara yìí kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ lórí ẹnì kan. Àwọn ọkùnrin ni mo ti rí i lára wọn, ọ̀nà ìyá ló sì máa ń gbà wá. Lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ, kí o sì gbé ìdáhùn náà lọ sí hospital. Wọ́n ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, èmi ò ní. Èmi ò lè mú un kúrò lára rẹ. Ẹni tó bá ní òun lè mú un kúrò, sá fún un. Kí ara tù ọ́ ni mo lè ṣe."

Ó kọ́ Ìlérí àti Tamílọ́rẹ, tó bá a wá, bí wọ́n ṣe ń mú òróró yànmọ̀tí lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n fi ra gbogbo ara, kí wọ́n jókòó tì í kó wọ̀ ọ́ lára, kó tó kan omi ìwẹ̀. Ó ní kí Ìlérí má ṣe ju ìpara hospital nù. Ó tún sọ pé ní èdè àtijọ́ wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún òróró àti ìfẹ́.

"O rí i?" Tamílọ́rẹ wí nígbà tí wọ́n jáde sí Plumstead High Street. "Mo ti ń fi òróró pa ẹ́ lára tipẹ́, o ò mọ̀."

Kí oṣù náà tó parí, ara Ìlérí ti rọ̀ ju bó ṣe wà láti ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó gbé délé kò rọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Felicia, ìyá Ìlérí, ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ ní kíṣìnì wọn ní Thamesmead North nígbà tó gbọ́ ọ. Alábòójútó arúgbó ni, opó ni, òun ló sì ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ju ṣíbí sínú ìkòkò.

"Íńdíà! Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ta ló rán ẹ lọ síbẹ̀? Kò sí nínú ìdílé mi. Kò sí. Mo ní kò sí!"

Ẹni tó bá sọ "kò sí" tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Kí á tó fọmọ fọ́kọ, a ó ránṣẹ́ lọ wádìí: ṣé kò sí wárápá nílé wọn, ṣé kò sí wèrè, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Bàbá tó bí Felicia ní Ìpetumodù ní ara ìpẹ́ yìí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà ní i. Ọmọbìnrin mẹ́rin sì wà nílé tí wọn ò tíì lọ́kọ. Láti kékeré ni ìyá wọn ti kọ́ wọn pé bí àlejò bá béèrè, kí wọ́n ní kò sí. Felicia gbé "kò sí" yẹn wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí London.

Lọ́jọ́ ìkómọ Ìlérí, ìyá ọkọ rẹ̀ tú aṣọ lára ọmọ, ó sì béèrè lójú gbogbo ènìyàn pé, "Felicia, kí lo bí fún ọmọ mi yìí, ènìyàn ni tàbí ẹja?" Láti ọjọ́ náà ni Felicia ti ń ra ẹ̀wù ọlọ́rùn gíga fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà ọmọdé béèrè bóyá ẹnì kan ní i nínú ẹbí, ó fún wọn ní èsì tó fún gbogbo ayé. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n sì ń tọ́jú ọmọ náà bí ẹni tí ara rẹ̀ kàn gbẹ. Àbí kí ni wọn ò bá ṣe?

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló wá gbé iná sábẹ́ ìkòkò yìí. Margaret, ìyá Tamílọ́rẹ, nọ́ọ̀sì ni. Kò ní kí Ìlérí má wá. Ó kàn ránṣẹ́ pé lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, òun ní ìbéèrè kan láti bi ìdílé wọn. Felicia gbọ́, ó pe Ìlérí sí kọ̀rọ̀.

"Sọ fún wọn pé eczema ni," ni ó bẹ ọmọ rẹ̀. "Ìlérí mi, jọ̀ọ́. Má dójú tì mí níwájú àna."

Ìlérí rí omijé ìyá rẹ̀, ó sì gbà. Nígbà tó sọ fún Tamílọ́rẹ létí adágún omi, ojú ọmọbìnrin náà yí padà.

"So, o fẹ́ parọ́ fún Mummy mi nínú parlour Mummy mi?"

"Kì í ṣe irọ́ tèmi, Tamí. Ti Mummy mi ni."

"Ìwọ lo máa fẹnu ẹ sọ ọ́ nígbà yẹn o. Wò ó, mi ò sá fún ara ẹ rí. Irọ́ yẹn ni mo ń sá fún. Tí o bá ti fẹ́ sọ òótọ́, o mọ garage mi."

Ó lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ìlérí délé, kò jẹun, kò fi òróró para mọ́. Ara rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í là. Felicia ń wò ó. Nígbà tó dọ́jọ́ kan, ó wé gèlè, ó gbé báàgì, ó ní òun ń lọ bá obìnrin Íńdíà tó da ilé òun rú. Ìlérí sáré tẹ̀ lé e kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ ní Plumstead.

Felicia jókòó síwájú Dókítà Sujatha, ó gbé báàgì lé itan, ó ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀: kí obìnrin náà fi ọmọ òun sílẹ̀, Kristẹni ni àwọn, ohun tó ń ṣe ọmọ òun kò sí nínú ìdílé àwọn. Dókítà Sujatha ò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó bu tíì fún un. Ó ní òróró yànmọ̀tí ni àwọn ń lò ní ilé àwọn, ṣùgbọ́n ó dá òun lójú pé ilé kọ̀ọ̀kan ní òróró tirẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ma," ni ó béèrè. "Òróró wo ni wọ́n ń fi ra bàbá tó bí yín lára?"

"Àdín ni," Felicia dáhùn. "Ìyá mi ló máa ń yan án fúnra wọn. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fi ra bàbá mi kí wọ́n tó..."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìlérí wo ìyá rẹ̀. Dókítà Sujatha rọra gba ife tíì lọ́wọ́ Felicia.

"Kí wọ́n tó wẹ̀," ni Dókítà Sujatha parí rẹ̀ fún un. "Àwa náà, kí a tó wẹ̀ ni. A jẹ́ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n nílé yín, kí n tó dé."

Nígbà náà ni Felicia sunkún. Ó sunkún ẹni tó ti ru ẹrù láti kékeré tí kò sì rí ẹni bá a sọ̀ ọ́. Ó sọ ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ wí lọ́jọ́ ìkómọ. Ó béèrè bóyá ohun tí òun jẹ nínú oyún ló fà á, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ òun.

"Irúgbìn kì í jẹ̀bi ohun tó gbé dání," ni Dókítà Sujatha wí. "Ẹ gbé e láti ọ̀dọ̀ bàbá yín, ẹ fi fún ọmọ yín. Ṣé ìpẹ́ nìkan ni bàbá yín fún un?"

Felicia wo ọmọ rẹ̀, ìka gígùn rẹ̀, èjìká rẹ̀ tó gbòòrò. "Rárá o," ni ó wí. "Bàbá mi ló bí i tán."

Wọ́n gbé ìdáhùn lọ sí hospital, ẹ̀jẹ̀ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó ní orúkọ gígùn kan tí Ìlérí ń pè dáadáa báyìí. Dókítà ibẹ̀ tún bi Felicia bóyá ìrọbí rẹ̀ pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tó ń gbẹ ara ọmọ náà lè fa ìrọbí sẹ́yìn. Ó pẹ́ lóòótọ́. Wọ́n ti sọ fún Felicia nígbà yẹn pé ẹni tó ṣẹ̀ ló di oyún náà mọ́ ọn níkùn. Ó jókòó sí hospital, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kíkankíkan.

Ìlérí lọ sí garage. Tamílọ́rẹ ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú bọ́ọ̀sì rẹ̀ nígbà tó rí i.

"Bàbá Mummy mi ló ni ín," ni Ìlérí wí, kò tiẹ̀ kí i. "Ọ̀nà ìyá ni. Gbogbo ohun tí Mummy ẹ bá béèrè ni màá dáhùn. Bí wọ́n bá sì ní rárá, màá dọ̀bálẹ̀ títí wọ́n á fi gbà."

Tamílọ́rẹ kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "O ò fi òróró para láti ọjọ́ yẹn, àbí? Wo ọrùn ẹ."

"Kò sẹ́ni tó bá mi fi kan ẹ̀yìn."

"Olórí burúkú," ni ó wí, ó sì dì mọ́ ọn níwájú gbogbo awakọ̀. Àwọn yẹn fọn fèrè ọkọ̀ fún wọn títí.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Parlour àwọn òbí Tamílọ́rẹ ní Thamesmead Moorings kún. Adébọ́lá, bàbá Tamílọ́rẹ, wọ agbádá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọládèjì, àbúrò bàbá Ìlérí, ló ṣáájú ìdílé ọkọ wá. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kí ara wọn, Ìlérí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lẹ́yìn náà ni Margaret dìde.

"Ẹ má bínú o, Mummy Ìlérí," ni ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan lọ́kọ sí ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n fi wárápá ọkọ pamọ́ fún un. Wárápá yẹn kọ́ ló bà á láyé jẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé ọkọ ẹ̀, òun nìkan ló wà nílé, kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, torí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ọkùnrin yẹn kú mọ́ ọn lọ́wọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kí ló wà nínú ìdílé yín?"

Uncle Ọládèjì dìde, ó tún fìlà ṣe. "Ah, Mummy! Kò sí nǹkan kan jàre. Our family is very clean. Ọmọ yìí kàn ní small eczema..."

"Uncle, ẹ jókòó," ni Felicia wí.

Ó dìde. Ìlérí fẹ́ dìde sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Nǹkan wà o," ni ó wí. "Ara ìpẹ́ wà ní ìdílé mi. Bàbá mi ní i, àbúrò bàbá mi ní i. Èmi ni mo gbé e fún ọmọ mi, kì í ṣe ọkọ mi, kì í ṣe ayé, kì í ṣe àjẹ́. Mo ti parọ́ nípa ẹ̀ láti kékeré. Ìyá ọkọ mi pe ọmọ mi ní ẹja lójú mi, mi ò lè fèsì, torí pé tí mo bá fèsì, màá sọ pé bàbá mi náà rí bẹ́ẹ̀. Mo tijú bàbá mi. Ẹ bá mi gbọ́ o, mo tijú ọkùnrin tó gbẹ́ kànga fún gbogbo àdúgbò wa."

Uncle Ọládèjì wo ilẹ̀. Margaret ò jókòó.

"Kànga?" ni ó béèrè.

"Bàbá mi ò lè ṣiṣẹ́ lóòrùn, wọn kì í làágùn. Wọ́n wá iṣẹ́ tí oòrùn ò ní bá wọn débẹ̀. Nísàlẹ̀ kànga, ibẹ̀ tutù, ara wọn á balẹ̀, wọ́n á máa kọrin bọ̀ lókè. Ìdajì àdúgbò wa ló ṣì ń mu omi wọn dòní. Ìlérí, dìde. Ká ọwọ́ ẹ̀wù ẹ sókè."

Ìlérí ká a sókè dé èjìká níwájú gbogbo wọn. Margaret sún mọ́ ọn, ó di apá náà mú, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe.

"Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ máa bí ńkọ́?"

"Hospital ní àwọn ọmọkùnrin wa ò ní ní i, Mummy, torí ọ̀nà ìyá ló ń gbà," Tamílọ́rẹ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, níbi tí wọ́n ní kó farapamọ́ sí. "Àwọn ọmọbìnrin wa máa gbé e, àmọ́ kò ní hàn lára wọn. Tí ọmọ wọn bá wá ní i, a ti mọ orúkọ ẹ̀, a mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa wọ ọlọ́rùn gíga fún un."

Felicia ni Margaret kọjú sí, omi sì ti lé ròrò sí i lójú.

"Ká ní wọ́n bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ báyìí," ni ó wí. "Kí lorúkọ bàbá yín, ma?"

"Akínbọ̀dé."

"Ẹ kì wọ́n fún wa, ká lè mọ àna wa."

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá náà, Felicia ò tíì ki oríkì rẹ̀ rí. Ó gbé orí sókè. Ohùn tó fi ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé jáde:

"Akínbọ̀dé, a-gbẹ́lẹ̀-kan-omi,
Ọkùnrin tí oòrùn ń lé, tí ilẹ̀ tútù ń pè wọlé.
Ó sọ̀ kalẹ̀, àdúgbò ń fojú sọ́nà.
Ó gòkè, àdúgbò gbé agbè.
Ara le bí èèpo ìrókò, inú tutù bí omi àmù.
Bàbá mi ni! Bàbá mi ni!"

Ìlérí ò tíì gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sí.

"Ibẹ̀ yẹn kọ́ o," Uncle Ọládèjì wí. "Ọ̀dọ̀ àna ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ sí."

"Ẹ fi sílẹ̀," Adébọ́lá wí. "Ibi tó yẹ ló wà. Tamílọ́rẹ, jáde wá. Àṣà ni kí n bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. O ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ṣé kí n gba àwọn èèyàn yìí?"

"Ẹ gbà wọ́n, Daddy."

"Ṣé kí n gbà wọ́n?"

"Ẹ gbà wọ́n."

"Mo tún béèrè o. Ṣé kí n gbà wọ́n?"

Tamílọ́rẹ lọ fa Ìlérí dìde. Ọwọ́ ẹ̀wù ọkùnrin náà ṣì wà ní èjìká, kò sì rántí láti sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ gbà á, Daddy," ni ó wí. "Ẹ gbà á pẹ̀lú gbogbo ara ẹ̀, kí ẹ sì bá mi gba Baba Akínbọ̀dé náà mọ́ ọn."

Margaret ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Felicia ló dá orin.